Ìdòwú, Ọkùnrin Ni àbí Obìnrin?

Ẹ̀yin ará Ìbàràpá méjèèje, Ìdòwú yín náà ni. Ẹ ti ń gbọ́ ohùn yìí lórí rédíò tipẹ́, kò sì sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn bàbá arúgbó ni. Àmọ́ ìwé kan wà nínú àpò mi bí mo ṣe jókòó sídìí máìkì yìí, ìwé gidi tó ní òǹtẹ̀. Fọ́tò mi wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun mi, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé obìnrin ni mí.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kan mọ́ mi lẹ́nu.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá sáàrin ìlú láti kọ orúkọ wa sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì tó rán wọn wá, torí ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, ọmọ ẹnìkan ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ la ti to ìlà. Èmi ni ẹni kẹtàléláàádọ́rin, báírò ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà náà sí mi lẹ́yìn ọwọ́. Nígbà tó máa kàn mí, aago mẹ́rin ti kọjá, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ọmọ náà kò gbójú sókè mọ́. "Orúkọ bàbá yín?" Mo sọ ọ́. "Orúkọ tiyín ńkọ́?" Mo ní Ìdòwú. "Ẹ tẹ ìka yín síbí. Ẹ wo ibí, ẹ má ṣẹ́jú." Ó tán. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀gúsí lọ́jà Máyà ló ṣáájú mi lórí ìlà, ọkàn mi sì sọ fún mi pé ibi tí ọmọ náà tẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́gùúsí ló fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún èmi. Àṣìṣe náà kò ju kí ìka má kúrò lójú kan lọ.

Mo ká ìwé náà, mo fi sínú Bíbélì, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọdún mẹ́rin kọjá. Ọjọ́ tí mo lọ sí báǹkì kan nítorí owó ìfẹ̀yìntì mi, ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó wá rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àgbàlagbà bínú: "Bàbá, ṣé mọ́mì ló ni àkáǹtì yìí ni?" Mo ní rárá, èmi ni. Ó ní kí n ní sùúrù, kí n lọ pe mọ́mì wá. Mọ́mì wo? Ìyá àwọn ọmọ mi ti wà ní sàárè láti ọdún méje. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń gbọ́. Ẹnìkan sọ ọ́ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o, àwọn oníyahoo ti ń rán bàbá arúgbó níṣẹ́ báyìí." Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé ní ilẹ̀ Ìbàràpá yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ tí mo kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, ti irùngbọ̀n ti irùngbọ̀n, mi ò rí nǹkan kan fi gbèjà ara mi. Kọ̀ǹpútà ti jẹ́rìí, wọ́n sì ti gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kí ló dé tí ọmọ yẹn kò fi mọ̀ láti inú orúkọ mi? Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi wò ó. Ìbejì ló ṣáájú mi nínú ìyá mi. Táyé, obìnrin; Kẹ́hìndé, ọkùnrin. Èmi tẹ̀ lé wọn, mo jẹ́ Ìdòwú. Àlàbá tẹ̀ lé mi, obìnrin ni. Ẹ kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí pépà, ẹ gbé e fún ẹni tí kò dé ilé wa rí, kó sọ èyí tó ń wé gèlè nínú wọn. Yóò rú u lójú. Nínú àwọn orúkọ tí ọmọ ń mú tọ̀run wá, díẹ̀ ló ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá, bó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni. Bó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Ṣùgbọ́n Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá, Ìgè, Ọ̀kẹ́, Dàda, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ wọn. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ti yí i padà: orúkọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ẹni di ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ẹ sì má gbàgbé ibi tí a wà. Ìgbó-Ọrà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìlú tí gbogbo ayé ń pè ní olú ìlú ìbejì, tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì níbẹ̀ láti 2018. Dókítà Patrick Nylander, tó ṣèwádìí ìbejì nílẹ̀ Yorùbá láàrin 1972 sí 1982, rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún kan ìgbà tí obìnrin bá bímọ, ó máa ń jẹ́ ìbejì ní ìgbà 45 sí 50. Àwọn àgbà Ìgbó-Ọrà ní ọbẹ̀ ìlasà ló fà á. Èmi kò bá wọn jiyàn, mo fẹ́ràn ìlasà. Ohun tí mo ń sọ ni pé níbi tí Táyé àti Kẹ́hìndé bá pọ̀ tó báyìí, tí Ìdòwú àti Àlàbá sì ń tò tẹ̀ lé wọn, tí a wá gbé ọmọ tí kò sùn dáadáa sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ ò nílò babaláwo kí ẹ tó mọ ohun tó ń bọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ohun tí ì bá gbà mí sílẹ̀, fọ́ọ̀mù kò bi mí. Ẹ bá mi wá fọ́ọ̀mù ìjọba kan tó ń béèrè oríkì. Ká ní ọmọ yẹn bi mí pé, "Bàbá, kí ni oríkì yín?", tí mo sì ní Àkànbí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àyìndé, Àjàní, Àkànó, Àlàó, ta ni yóò gbọ́ wọn tí yóò rò pé obìnrin ni? Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́, ta ni yóò pè wọ́n lọ́kùnrin? Inú oríkì ni àwọn baba wa tọ́jú akọ àti abo sí. Àmọ́ oríkì, ìyá ẹni ló ń fi í pe ni nígbà tó bá fẹ́ ká jí, tó ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání. Wọn kò fi ṣe kọ́kọ́rọ́ báǹkì.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa pàápàá kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. "Ó ti dé." Ta ló dé? Ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú wò ó ni. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọ agbo ilé yóò kúnlẹ̀ fún ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ tó bá nílé, yóò pè é ní ọkọ mi, ọmọ náà yóò sì jẹ́ ẹ pẹ̀lú ìgbéraga. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbé ìwé kan jáde ní 1997 tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní yunifásítì káàkiri ayé. Ó ní kí òyìnbó tó dé, ta ló dàgbà ju ta ni ló ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ Yorùbá, kì í ṣe ta lọkùnrin ta lobìnrin. Mo gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibì kan ló kù tí mo fẹ́ bá ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ìyẹn ìwe adìẹ. Nínú gbogbo ilé tí mo ti jẹun rí láti Ìdèrè dé Ayétẹ̀, mi ò tíì rí ibi tí ìwe adìẹ ti ṣìnà dé abọ́ obìnrin nígbà tí bàbá ilé wà níjòókòó.

Ìtàn kan wà lórí ọ̀rọ̀ akọ àti abo yìí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé mi, àwọn tó jókòó síwájú mi nígbà náà yóò rántí. Ìgbòho ni, lókè níbẹ̀ yẹn ní Òkè-Ògùn, níbi tí àwọn Aláàfin sá lọ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí àwọn Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin Ẹ́gúnójú wàjà, kò sì sí ọmọkùnrin tó ti tó jọba. Arábìnrin rẹ̀, Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀, ní òun yóò gun orí ìtẹ́. Àwọn ìjòyè ní ká má rí i, obìnrin kì í jẹ Aláàfin. Ìtàn tí wọ́n ń pa ní Ìgbòho ni pé Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ padà wá bá wọn, ó ti di ọkùnrin, ó sì jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ó jọba, ó kó ẹṣin jọ, ó sì mọ ogun jà débi pé wọ́n ń so ewé mọ́ ìrù ẹṣin kí ewé náà lè máa gbá ipasẹ̀ ọmọ ogun rẹ̀ rẹ́. Ojú ogun náà ló kú sí.

Bí ẹ bá wá ṣí ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọkùnrin ni Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ níbẹ̀, arákùnrin ọba tó wàjà. Mi ò dá Johnson lẹ́bi. Àwọn tó pa ìtàn fún un, "ó" ni wọ́n ń wí: ó jọba, ó jagun, ó kú. Gẹ̀ẹ́sì ni Johnson ń fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í jẹ́ kí èèyàn kọjá láìsọ akọ tàbí abo. Ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ó mú un. Ojoojúmọ́ ni mo ń rántí Johnson báyìí, torí ohun tó ṣe fún Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ ni ọmọ oníkọ̀ǹpútà yẹn ṣe fún mi. Èmi kàn rí tèmi lójú ayé ni.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ìgbòho, ká padà sí ìwé inú àpò mi, sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń sọ ọkùnrin tàbí obìnrin níbẹ̀. M fún ọkùnrin, F fún obìnrin. Òfin tó dá NIMC sílẹ̀, àjọ tó ń fún wa ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN, 2007 ni wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni NIN, ẹ̀yìn nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn ni lẹ́tà kan ṣoṣo náà ba sí. Ní ìparí 2020, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn so NIN mọ́ síìmù fóònù. Ní 2024, àwọn báǹkì ń ti àkáǹtì tí kò ní NIN tàbí BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì) pa. Ọmọ tó fẹ́ kọ JAMB, NIN. Ẹni tó fẹ́ gba páàsípọ́ọ̀tù, NIN. Bí iná ọyẹ́ ni àṣìṣe lẹ́tà yẹn ṣe ń ràn: ibì kan ló ti ṣẹ́yọ, kí ẹ tó bomi wá, ó ti wọ oko ẹnikẹ́ta. Mo mọ ọmọbìnrin kan, ìbejì lòun náà, tó gbé àpótí rẹ̀ dé ilé ìwé gíga kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ní iyàrá rẹ̀ wà ní ilé àwọn ọmọkùnrin. Ó jókòó lórí àpótí náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìkejì rẹ̀, tó jẹ́ ọkùnrin, ló wá bá a jókòó síbẹ̀.

Àtúnṣe wà o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti kọ, Ọlọ́run ló kọ ọ́. Ní oṣù kẹfà 2023, ààrẹ bu ọwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni, òfin náà sì sọ pé ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ nípa yín lọ́wọ́, tí àkọsílẹ̀ náà kò tọ̀nà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kó tún un ṣe. Ẹ̀tọ́ ni mo wí, ẹ má lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ ẹnìkan nítorí ẹ̀. Owó ni ẹ ó san. Ní 2025, NIMC gbé owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí dé 28,574 náírà, tí àtúnṣe bí orúkọ jẹ́ 2,000 náírà. Ẹ mọ ìdí tí ti ọjọ́ ìbí fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀: àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ni. A ti gé ọjọ́ orí bí ẹni ń gé èékánná.

Owó kọ́ ni ìṣòro tèmi, ẹ̀rí ni. Ọmọ ìsinsìnyí lè fi ìwé ẹ̀rí ìbí tí Àjọ Ìkànìyàn fún un hàn. Èmi tí wọ́n bí sí abà lẹ́yìn Lánlátẹ̀, tó jẹ́ pé ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo bàbá mi ni ìyá mi fi ń ka ọjọ́ orí mi, ìwé wo ni mo fẹ́ mú jáde? Wọ́n ní kí n lọ búra ní kóòtù, kí n sì mú ẹni tó mọ̀ mí láti kékeré dání. Ẹ̀gbọ́n mi Táyé ló bá mi lọ. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó wọ ìró àrán rẹ̀, ó di gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Akọ̀wé kóòtù bi í pé, "Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọkùnrin ni wọ́n?" Táyé wo ọmọ náà títí. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó fi ọwọ́ gbá ìbàdí ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yìn yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn yìí náà ló máa ń tọ̀ sí. Ṣé kí n tún sọ bí ìtọ̀ náà ṣe ń fò?" Akọ̀wé ní rárá, ma, ó ti tó. Ó tẹ òǹtẹ̀.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ara mi pa yín lẹ́rìn-ín tó. Ibi tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Agbẹ̀bí kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi ni nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣe mí, ó wá kí mi. Ó ní nínú gbogbo ọdún tí òun fi gbẹ̀bí, ẹ̀ẹ̀mejì ni òun gbé ọmọ sókè, tí ìyá ọmọ béèrè lórí bẹ́ẹ̀dì pé "Kí ni?", tí òun kò sì rí ìdáhùn. Ọmọ náà ké dáadáa, ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé. Ibi tí a máa ń wò náà ni kò sọ̀rọ̀ kan pàtó. Mo bi í pé kí ló wá kọ sínú ìwé. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo kọ èyí tí bàbá ọmọ ń fẹ́."

Ẹ ronú sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn. Ó ti tó ọmọ ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, bó bá wà láyé. Ara rẹ̀ ti lè sọ ohun tí kò lè sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kó sì jẹ́ òdìkejì ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́. Ní Kẹ́ńyà, nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2019, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún irú wọn, 1,524 ni wọ́n rí kà. Ní Ùgáńdà, tí kì í ṣe orílẹ̀-èdè tó ń gba gbẹ̀rẹ́ rárá, òfin ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2015 sọ pé bí wọ́n bá bí ọmọ báyìí, tí dókítà sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un tí ara rẹ̀ wá fara hàn sí ibì kan, òbí rẹ̀ lè béèrè kí wọ́n yí àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà. Níbí ńkọ́? Nígbà tí wọ́n kà wá ní 2006, akọ àti abo nìkan ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Láti ìgbà náà, wọn kò tíì kà wá mọ́.

Àwọn kan tún wà tí agbẹ̀bí kò rí ohunkóhun tó rú u lójú lára wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n dàgbà tí wọ́n ní lẹ́tà tí wọ́n fún àwọn kì í ṣe tàwọn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn kan nínú yín ti wà lórí kọ́kọ́rọ́ rédíò báyìí. Ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ báyìí, Bobrisky tó ń múra bí obìnrin ni ẹ mọ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí wọ́n gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó nítorí pé ó ń fọ́n owó náírà lóde àríyá, adájọ́ bi í pé ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ó ní ọkùnrin lòun. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó sì di ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Gbogbo ìlú fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún oṣù kan gbáko, èmi náà gbọ́ ọ nídìí ayò. Ṣùgbọ́n ohun tó dúró sí mi lọ́kàn ni pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló ya ilẹ̀kùn tí wọ́n máa ti èèyàn mọ́. Ẹ̀fẹ̀ kọ́ nìyẹn fún ẹni tí wọ́n ń bi.

Òfin Nàìjíríà kò la ọ̀nà kankan fún ẹni tó bá fẹ́ yí lẹ́tà yẹn padà láìjẹ́ pé akọ̀wé ló ṣì í kọ. Òfin tí Ààrẹ Jonathan bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2014, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin ló dá lé, kò dárúkọ lẹ́tà orí káàdì. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá tó wà nínú rẹ̀ ti tó kí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn má sún mọ́ káńtà ìjọba kankan.

Ibòmíràn ní Áfíríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ti ṣòfin rẹ̀ láti 2003: ẹ mú ìwé dókítà lọ, wọ́n á yí i padà. Ní Bòtswánà, kóòtù ló pàṣẹ fún ìjọba ní 2017 kí wọ́n yí ti ẹnìkan padà. Ní Kẹ́ńyà, Audrey Mbugua gbé àjọ tó ń ṣètò ìdánwò lọ sí kóòtù, torí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń pe é ní ọkùnrin, kò sì rí i fi wáṣẹ́. Ní 2014, adájọ́ ní kí wọ́n fún un ní òmíràn tó ní orúkọ rẹ̀ tuntun, kí wọ́n sì yọ lẹ́tà yẹn kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Kò kúkú yí lẹ́tà sí òmíràn, ó yọ ọ́ ni. Ìwé ẹ̀rí tó ń sọ pé èèyàn yege ìṣirò, kí ló fẹ́ fi akọ tàbí abo ṣe?

Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹ má rò pé wọ́n ti parí ìjà tiwọn. Ìlú Òyìnbó ṣe òfin rẹ̀ ní 2004, lẹ́yìn tí Christine Goodwin, tí ìwé ìjọba ń pè ní ọkùnrin, ti borí ìjọba níwájú kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní 2002. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sọ pé nínú òfin ìdọ́gba tiwọn, bí wọ́n bá pe èèyàn ní obìnrin, bí wọ́n ṣe bí i ni wọ́n ń sọ. Amẹ́ríkà tilẹ̀ fi lẹ́tà kẹta kún un, X, ẹnikẹ́ni lè gbà á sí páàsípọ́ọ̀tù láti 2022. Lọ́jọ́ tí Trump padà dé orí àga ní oṣù kìíní 2025 ló pàṣẹ kí wọ́n dá a dúró. Ohun tí wọ́n fún èèyàn láàárọ̀, wọ́n gbà á lálẹ́.

Àwọn ọmọ wa sì wà níbẹ̀ o. Kò sí àdúgbò kan ní Lánlátẹ̀ tí kò ní ẹni ní London tàbí Houston. Ẹ fi ojú inú wo ọmọ Yorùbá kan tó ní páàsípọ́ọ̀tù méjì nínú báàgì, ti Ìlú Òyìnbó ní lẹ́tà kan, ti Nàìjíríà ní lẹ́tà kejì, tí bàbá rẹ̀ kú níbí, tó fẹ́ wá sin ín. Èwo ni kó mú jáde ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà? Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wo ìwé, tó wò ó, tó tún wo ìwé, kí ni kó sọ?

Ìwò yẹn ni mo mọ̀. Kristẹni ni mí, mo mọ ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì mi ń sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ ohun tí àwọn Alfa wa ń sọ. Mi ò gun orí afẹ́fẹ́ lónìí láti yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà. Àmọ́ mo ti dúró nídìí káńtà, mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ láti ẹ̀yìn, mo sì mọ̀ pé bí ara ṣe ń gbóná nígbà náà, kò yàtọ̀ láàrin ẹni tí akọ̀wé ṣì kọ àti ẹni tó jẹ́ pé ilé ayé ló ṣì í kọ. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé èmi, mo ní Táyé.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tèmi dé. Mo kó ìwé kóòtù, mo kó fọ́tò, mo san owó. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀. Ọmọ tuntun kan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́tẹ̀ yìí, ó gbójú sókè, ó kí mi dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí F. Ó ní kò ṣòro rárá. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Ní Lánlátẹ̀! Ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ sátẹ́láìtì sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí ẹni tó bá fẹ́ bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti Nàìjíríà, inú abọ́ ńlá wa yẹn ni ohùn rẹ̀ ń gbà kọjá nígbà náà. Mo rántí bí a ṣe ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ wò ó.

Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Táyé ti ní òun ń bá mi lọ. Ó ti yọ ìró àrán náà síta, ó ní bí wọ́n bá tún béèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yìn òun ṣì wà níbẹ̀.